Ẹni Tó Ń Mú Omi Bọ̀

Fèrè ọ̀sán dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gbogbo Òkè Àbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tilẹ̀kùn. Oríyọmí ń gbọ́ wọn láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀ àdúgbò, gbà, gbà, gbà, bí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ lórí páànù. Oòrùn ti dé àtàrí. Láti ìsinsìnyí di aago mẹ́rin, ẹni tí àwọn olùṣọ́ bá bá níta, wọ́n á gbé e wọlé tipátipá ni, bí oòrùn fúnra rẹ̀ kò bá tíì gbé e ṣubú.

Ó fa aṣọ dúdú bo fèrèsé. Ó tú gèlè aláwọ̀ ewé tó jẹ́ àmì iṣẹ́ rẹ̀, ó ká a sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àyẹ̀wò àti pẹ́ńsù. Ìlà mẹ́ta ló wà nínú ìwé náà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: Ohun tí mo rí. Ohun tí mo gbọ́. Ohun tó bá mi jí. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ ọ́, nítorí òfin Òkè Àbò sọ pé ẹ̀rọ kì í ṣe ẹlẹ́rìí ẹ̀rọ. Ó ti kọ ti ọjọ́ mẹ́fà. Ti òní ló kù.

Ìrọ̀rí náà ń dúró dè é lórí ibùsùn, ó funfun, ó fúyẹ́ bí akèrègbè gbígbẹ. Bí ó ti gbé orí lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí oyin inú igi tó jìnnà. Ìpéǹpéjú rẹ̀ wúwo. Yàrá náà kọ́kọ́ lọ, ìró ilẹ̀kùn lọ tẹ̀lé e, ooru náà sì lọ.

Ó bá ara rẹ̀ ní Ayédùn Etíkun.

Ìlú náà kò sí mọ́. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni òkun gbé e mì, tilé-tilé, tọkọ̀-tọkọ̀. Ṣùgbọ́n òun náà nìyí: àwọn ilé pákó tó dúró lórí òpó nínú omi, ọ̀nà pákó tó so ilé mọ́ ilé, èéfín tó ń ti ẹ̀yìnkùlé jáde. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ pọ́n rẹ̀rẹ̀ bí epo tuntun. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nídìí ààrò, ó ń yí ẹja lójú iná.

“O dé,” ni ìyá rẹ̀ wí, kò sì gbójú sókè. “Jókòó. Kò ní pẹ́ jinná.”

Ó jókòó. Omi ń fọwọ́ ba òpó ilé ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò sí ohun tó ń dùn ún níbì kankan lára. Ó ń ronú pé bóun bá lè jókòó bẹ́ẹ̀ títí, òun ò ní bèèrè nǹkan mìíràn, nígbà tó tún gbọ́ ìró ẹsẹ̀ náà, bíi ti àná, bíi ti ìjẹta.

Láti òpin ọ̀nà pákó, obìnrin kan ń bọ̀. Ó wé gèlè aláwọ̀ ewé, etí gèlè kan rọ̀ sí i léjìká. Ó mú ìwé kan tí wọ́n lu èdìdì sí lọ́wọ́. Pákó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tẹ̀, omi a ru láti abẹ́ rẹ̀, a bò ó, kò sì ní í fà mọ́. Àwọn ènìyàn ń sá wọlé. Ìyá Oríyọmí dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fi ẹ̀yìn tì í.

“Ẹni tó ń mú omi bọ̀ ni,” ó wí. “Má jẹ̀ẹ́ kó wọlé.”

Oríyọmí yọjú níbi àlàfo pákó láti wo ojú obìnrin náà. Kò rí ojú. Gèlè nìkan ló rí.

Fèrè aago mẹ́rin ló jí i. Àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì. Ó mú pẹ́ńsù, ó kọ ọ́ sílẹ̀: ọ̀nà pákó, ẹja, ìyá mi, obìnrin oníwèé, omi. Ìgbà karùn-ún tí yóò kọ ọ́ nìyí. Kò sì yà á lẹ́nu púpọ̀. Òun ló ni gèlè, òun náà ni yóò gbé ìwé dúró níwájú ìlú ní Gbàgede, níbi tí wọn yóò ti pinnu Òfin Àlá, láàárọ̀ ọ̀la. Ohun tó bá ń jẹ ènìyàn lọ́kàn, kò sí bí kò ṣe ní í bá a wọnú oorun.

Nígbà tó wé gèlè rẹ̀ tó sì jáde, àdúgbò ti ń jí. Wọ́n ń ká aṣọ dúdú kúrò lójú fèrèsé, ojú gbogbo wọn sì rọ̀, bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ olólùfẹ́ dé. Nídìí ẹ̀rọ omi, ó bá Ìyá Ládùn, obìnrin tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, tó ń pọn omi sínú garawa.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá Ládùn.”

Obìnrin náà gbójú sókè, ó rí i, ó sì gbé garawa náà láìkún. Omi dà sí i lẹ́sẹ̀.

“Ṣé kò sí o?”

“Kò sí nǹkan kan.” Ìyá Ládùn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú. “Ẹ má bínú, olùyẹ̀wò. Ara mi kàn bù máṣọ bí mo ṣe rí yín ni. Èmi gan-an ò mọ ohun tó ṣe mí.”

Oríyọmí dúró lẹ́bàá omi tó ń ṣàn lọ nílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yìí, ẹni kẹta nìyẹn tó yẹra fún un.

*

Bàbá rẹ̀, Akíntìmẹ́hìn, jókòó sórí ibùsùn nínú yàrá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ agbẹ́kọ̀ ni. Ogójì ọdún ló fi gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní Ayédùn Etíkun. Nígbà tí òkun gbé ìlú lọ, tó gbé ìyàwó rẹ̀ mọ́ ọn, oorun kò wá sójú bàbá yìí mọ́. Odidi ọdún méjì ló fi ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán tí ìlú ń sùn. Ó gbẹ bí igi ìdáná. Dókítà fún un lóògùn títí, kò tu irun kan lára àìsùn náà. Oṣù mẹ́wàá sẹ́yìn ni ilé-iṣẹ́ Ìrọ̀ra pín ìrọ̀rí dé gbogbo ojúlé, lọ́fẹ̀ẹ́, kí ìgbìmọ̀ ìlú tó bèèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ náà gan-an ló sùn. Láti ìgbà náà ni ẹran ara ti padà sí i lára.

“Ìyá rẹ béèrè rẹ lónìí,” ó wí.

“Kí lẹ sọ fún wọn?”

“Mo ní o wà níbi iṣẹ́.” Ó fọwọ́ pa orí ìrọ̀rí náà bí ẹni pa orí ọmọ ọwọ́. “Oríyọmí, iṣẹ́ yìí. Ṣé o ò lè gbé e fún ẹlòmíràn?”

“Lọ́la ni Gbàgede, Bàbá. Kí ló dé?”

Ó wo ògiri, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Obìnrin kan ń wá sọ́dọ̀ wa lójú àlá,” ó wí níkẹyìn. “Láti ọjọ́ Ajé. Ó máa ń wé gèlè aláwọ̀ ewé, ó máa ń mú ìwé lọ́wọ́. Bó bá ti tẹ pákó, omi ń ru.”

Oríyọmí rọra jókòó lórí àpótí. Òfin kò gbà kí olùyẹ̀wò sọ ohun tó rí fún ẹnikẹ́ni ṣáájú Gbàgede, kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè. Yàrá ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sùn, ìrọ̀rí ọ̀tọ̀.

“Báwo ló ṣe wé gèlè náà?”

“Ó so ó, etí kan rọ̀ sí i léjìká.”

Ó dìde. Ó sọdá títì lọ kan ilẹ̀kùn Ìyá Ládùn. Ní Òkè Àbò, bí ènìyàn bá bèèrè àlá ẹlòmíràn, bí ìgbà tó ní kó bọ́ra síhòòhò ni. Ṣùgbọ́n ó bèèrè. Ìyá Ládùn di ilẹ̀kùn mú, ó wò ó pẹ́.

“Oko bàbá mi lókè ọ̀hún ni mo máa ń rí,” ó wí. Ohùn rẹ̀ kéré. “Èmi ò rí òkun rí láyé mi. Oko iṣu ni. Inú mi a máa dùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yìí, obìnrin kan ń gba àárín poro bọ̀ pẹ̀lú ìwé. Ibi tó bá tẹ̀, iná.”

“Gèlè wo ló wé?”

Ìyá Ládùn wo orí rẹ̀. Ó wò ó báyìí, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ojú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

*

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbándé wá. Òun ni aṣojú Ìrọ̀ra ní Òkè Àbò, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Oríyọmí fún un lómi, ó mu ún tán, ó dúpẹ́. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lójúde, àwọn àdán sì ń fò kọjá lọ lókè wọn.

“Ẹ ti parí ọjọ́ méje tẹ́ ẹ fi ń yẹ ìrọ̀rí wa wò,” ó wí. “Ṣé ẹ sùn dáadáa?”

“Mo sùn dáadáa.”

“Inú mi dùn.” Ó yí ife òfìfo náà lọ́wọ́. “Arábìnrin, bí wọ́n bá fọwọ́ sí Òfin Àlá lọ́la, kí fèrè ọ̀sán tó dún ni ilé-iṣẹ́ yóò ti kó gbogbo ìrọ̀rí kúrò nílùú yìí.”

“Kí ló máa fà á? Òfin náà ò lé yín. Ohun tó sọ ni pé, nǹkan tẹ́ ẹ bá fi sínú àlá ènìyàn, kí ẹ fi hàn án.”

“Wọn ò ní gbà. Kì í ṣe èmi ló ń sọ ọ́ o. Àwọn ọ̀gá ni.”

“Ta ni àwọn ọ̀gá?”

Ṣóbándé ronú díẹ̀. “Mi ò rí wọn rí,” ó wí. “Ìwé wọn ni mo máa ń rí.”

Láti inú ilé, wọ́n ń gbọ́ Akíntìmẹ́hìn tó ń kọrin àwọn apẹja òkun sí ara rẹ̀ lábẹ́ ohùn.

“Mo mọ bí bàbá yín ṣe rí kí a tó dé,” ni Ṣóbándé wí. “Bí a bá ń kó ìrọ̀rí, ó ṣeé ṣe kí a gbàgbé ọ̀kan sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mi ò ní kí ẹ purọ́. Ẹ ṣáà sọ fún ìlú pé ẹ sùn dáadáa. Òótọ́ ni. Kí ẹ sì fi mọ bẹ́ẹ̀.”

Ó dìde, ó tẹríba díẹ̀ fún un, ó sì lọ. Ó rin ìrìn rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò fi ibì kankan jọ ẹni tó wá ra ènìyàn.

Nígbà tí Oríyọmí wọlé, orin ti dá. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

“Gba ohun tó fi lọ̀ ọ́,” ó wí.

“Bàbá, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe? Wọ́n ń fi mí dẹ́rù bà yín. Wọ́n ń fi mí dẹ́rù ba gbogbo ìlú, kí ará ìlú lè sá fún òfin láìmọ ohun tí wọ́n ń sá fún. Obìnrin yẹn, èmi ni.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ mọ̀?”

“Láti ọjọ́ kejì ni mo ti mọ gèlè rẹ.” Ó di férémù ilẹ̀kùn mú. “Kí tiẹ̀ ni? Bó bá jẹ́ pé lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ ni mo ní láti sá fún gèlè kí n tó rí ìyá rẹ, kò pọ̀ jù. Ìwọ ò mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí lọ́sàn-án. Ìwọ ń sùn. Èmi mọ iye ìṣísẹ̀ tó wà nínú rẹ̀.”

Oríyọmí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wọ yàrá, ó jókòó ti ìwé àyẹ̀wò náà. Lábẹ́ ìlà kẹta, Ohun tó bá mi jí, àyè ṣì wà. Ó di pẹ́ńsù mú títí ọwọ́ rẹ̀ fi làágùn. Ó ń ronú nípa ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, bí ó ṣe wú nígbà náà nítorí ìrìn. Ó ń ronú nípa Ìyá Ládùn pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́nu. Nígbà tó yá, ó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó sì pa ìwé dé.

*

Ìdájí ni wọ́n máa ń ṣe Gbàgede, kí oòrùn tó mú. Ìkùukùu ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí ìlú péjọ, ó bo gbogbo wọn dé orúnkún, débi tí wọ́n fi dà bí ẹni tó dúró nínú wàrà. Wọ́n ti fi ẹfun fa ìlà kan gba àárín ilẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ òfin á ré e kọjá sí apá ìlà-oòrùn. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ á dúró síbi tó wà. Olóyè Adétutù, obìnrin arúgbó tó ń darí Gbàgede, jókòó lórí àga gíga, ó gbé aago kékeré lé itan.

Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ bọ̀ kó tó kan Oríyọmí. Alágbẹ̀dẹ kan bọ́ síwájú, ó ní, “Ilé mi, mo mọ ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Inú orí mi ńkọ́? Ta ló ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀?” Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Nọ́ọ̀sì kan dá a lóhùn láti ẹ̀yìn, inú ń bí i: “Ẹni tó ń sùn ló ń ráyè béèrè kọ́kọ́rọ́. Aláìsàn mẹ́tàdínlógún wà ní wọ́ọ̀dù mi tí wọn ò ké ní ọ̀sán mọ́. Ẹ lọ bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ òfin.” Àwọn púpọ̀ pàtẹ́wọ́ fún òun náà, ju ti alágbẹ̀dẹ lọ.

Aago dún. Wọ́n pe olùyẹ̀wò.

Bí Oríyọmí ti jáde síwájú pẹ̀lú gèlè àti ìwé, gbogbo èrò náà fà sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún wọn. Ìkùukùu náà pàápàá là fún ìṣísẹ̀ wọn. Ó dúró, ó wò wọ́n, ó sì mọ̀ pé bí òun bá ń sọ òfin dalẹ́, wọn ò ní gbọ́ ohùn òun. Omi ni wọ́n ń gbọ́, tàbí iná.

Ó ka ìwé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní òun sùn dáadáa, nítorí òótọ́ ni. Ó ní òun rí ìyá òun. Ó sọ ti obìnrin oníwèé náà, ìgbà márùn-ún. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lòun kọ lánàá síwájú Ohun tó bá mi jí: ẹ̀rù. Lẹ́yìn náà ó tú gèlè kúrò lórí, ó gbé e sókè níwájú wọn kí gbogbo wọn lè rí i.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti rí gèlè yìí lójú oorun lọ́sẹ̀ yìí, kó na ọwọ́.”

Kò sí ọwọ́ tó gòkè. Ojú ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ìyá Ládùn wà láàárín wọn, ó di ìbòrùn rẹ̀ mú ṣinṣin. Oríyọmí rí Ṣóbándé lórí bẹ́ǹṣì àwọn aṣojú, tó ká bébà kan sórí itan.

Ọ̀pá kan bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀ láti ẹ̀yìn. Èrò là. Akíntìmẹ́hìn ń bọ̀, ó wọ àgbádá àtijọ́ kan, ìkùukùu ń ká mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Oríyọmí kò mọ̀ pé ó kúrò nílé. Nígbà tó dé àárín, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè.

“Mo rí i,” ó wí. “Ọmọ mi ni. Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ní ọkọ̀ wíwà. Lọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ yìí, bó bá ń bọ̀, mo ń sá fún un. Lánàá, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.” Ó fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀. “Mo ti rò ó láti àná. Kò sí ohun tí ọmọ yìí ṣe fún mi tí mo fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹnì kan ló fi ọwọ́ mi tì í.”

Ìyá Ládùn na ọwọ́, ojú rẹ̀ kún fún omijé. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin kan tí Oríyọmí kò mọ̀ rí. Lẹ́yìn náà, alágbẹ̀dẹ. Lẹ́yìn náà, nọ́ọ̀sì, tó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí nǹkan ń dùn. Ọwọ́ ń jáde nínú ìkùukùu bí ewé tuntun, títí tí kò fi sí ẹni tó lè kà wọ́n.

“Aṣojú Ìrọ̀ra,” ni Olóyè Adétutù wí, “ìlú ń retí èsì yín.”

Ṣóbándé dìde. Ó ṣí bébà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀: “Ilé-iṣẹ́ wa fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ń kọ́ láti inú ìbẹ̀rù ẹni tó ń lò ó, kò sì sí ọwọ́ ènìyàn kankan—” Ó dúró. Ó ka ìlà náà lẹ́ẹ̀kan sí i sínú. Ó ká bébà náà.

“Èmi náà ń sùn lórí rẹ̀,” ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì le ju bó ti máa ń rí lọ. “Mo rí i. Mi ò mọ ẹni tó fi í síbẹ̀. Mo rò pé èmi nìkan ni.”

Ó jókòó. Kò sẹ́ni tó hó lé e lórí.

Olóyè Adétutù gbọn aago. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ré ìlà ẹfun kọjá, àwọn kan yára, àwọn kan dúró lórí ìlà náà fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì kò kọjá. Ìyá Ládùn kọjá. Nígbà tí wọ́n parí, ènìyàn mẹ́rìndínlógún péré ni apá ìlà-oòrùn fi ju apá kejì lọ. Òfin Àlá múlẹ̀.

Oríyọmí wá bàbá rẹ̀ láàárín àwọn tó kọjá, kò rí i. Ibi tó ti sọ̀rọ̀ ló ṣì dúró sí, lápá àwọn tí kò fẹ́.

“Mo ti sọ òótọ́,” ó wí nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. “Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé ẹsẹ̀ mi sọdá kí ìyá rẹ tún kú. Má bi mí mọ́.”

Oríyọmí di apá rẹ̀ mú, wọ́n sì jọ lọ sílé.

*

Kí fèrè ọ̀sán tó dún, àwọn ọmọlanke ti ń yí káàkiri àdúgbò, ìrọ̀rí funfun tò lé wọn lórí bí ẹyin. Ìlú dákẹ́ bí ibi tí wọ́n ti ń gbé òkú jáde. Àwọn kan ń fi ẹnu ko tiwọn kí wọ́n tó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ṣóbándé fúnra rẹ̀ ló tẹ̀lé ọmọlanke dé ojúlé wọn. Akíntìmẹ́hìn ti dúró sójúde. Ó gbé ìrọ̀rí náà mọ́ àyà, ó ti fi ìró ìyàwó rẹ̀ kan dì í, aṣọ kan ṣoṣo tí omi kò gbé lọ.

“Bàbá,” ni Ṣóbándé wí lábẹ́ ohùn, “ẹ gbé e wọlé. Mi ò rí yín.”

Arúgbó náà wo ìsọdá títì, níbi tí Ìyá Ládùn ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ọwọ́ òfìfo lórí itan. Ó tú ìró náà, ó gbé e kọ́ èjìká. Ó gbé ìrọ̀rí sórí ọmọlanke láàárín àwọn yòókù.

“Bí ti gbogbo wọn bá ń lọ,” ó wí, “kí tèmi náà máa lọ.”

Fèrè dún. Wọ́n tilẹ̀kùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Òkè Àbò kò sùn. Oríyọmí dùbúlẹ̀ sínú òkùnkùn aṣọ dúdú, ó ń gbọ́ ìlú: ibùsùn tó ń han, ẹnì kan tó ń wúkọ́, ọmọ ọwọ́ kan tó ń ké tí wọ́n sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Nígbà tó yá, ó gbọ́ ohun mìíràn, ìkùnsínú kan tó ń ti ara ògiri kan dé ara ògiri kejì. Ó pẹ́ kó tó mọ ohun tó jẹ́. Àwọn ènìyàn ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn, ọkọ sí aya, ìyá sí ọmọ, lójúlé lójúlé, títí aago mẹ́rin.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tiwọn, ẹsẹ̀ ń lọ, ẹsẹ̀ ń bọ̀.

Ó dìde lọ bá bàbá rẹ̀. Kò sọ pé kó jókòó. Ó bá a rìn. Ọjọ́ kejì, ó bá a rìn. Ọjọ́ kẹta, ojú bàbá ti jìn, ó sì bínú sí i, ó ní kó fi òun sílẹ̀, ó pè é ní ẹni tó ń mú omi bọ̀. Oríyọmí sunkún lọ́jọ́ náà níbi tí bàbá kò ti lè rí i. Ọjọ́ kẹrin, ó tún padà sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bàbá wú, tó jókòó sílẹ̀, òun náà jókòó.

“Ìyá rẹ inú ìrọ̀rí yẹn,” ni bàbá wí lójijì lọ́jọ́ kẹfà. Ẹ̀yìn rẹ̀ wà lára ògiri, ojú rẹ̀ pa dé. “Kò bá mi jà rí. Oṣù mẹ́wàá. Gbogbo ohun tí mo bá ti sọ, á ní bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ìyá mi?”

“Ìyá rẹ.” Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, Oríyọmí rò pé ẹkún ni, àfi ìgbà tó gbọ́ ẹ̀rín nínú rẹ̀. “Obìnrin tó sọ pé ọkọ̀ tí mo gbẹ́ fún Baálẹ̀ wọ́, tó dúró létí omi tó ń sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Ó sì wọ́ lóòótọ́. Mo ti gbàgbé pé ó wọ́.”

Ó ń sọ ọ́ lọ. Ó sọ bí obìnrin náà ṣe máa ń da omi sẹ́yìn ilé láìwo ẹni tó ń kọjá, bó ṣe máa ń hanrun, bó ṣe kọ̀ láti wọ ọkọ̀ àwọn adóòlà lọ́jọ́ tí òkun gbé ìlú, títí tí gbogbo ọmọ àdúgbò fi wọ̀ ọ́ tán, tí kò fi sí àyè mọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí, kò sọ ọ́ fún Oríyọmí rí. Ohùn rẹ̀ ti ń wúwo. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àlàfo láàárín wọn.

Oríyọmí retí ọ̀rọ̀ tó kàn. Kò wá. Ó yíjú wò ó. Ẹnu bàbá là díẹ̀, orí rẹ̀ ti tẹ̀ sí apá kan, ó ń mí.

Kò mira. Apá rẹ̀ kú lábẹ́ ìwúwo èjìká arúgbó náà, kò sì gbé e kúrò. Ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé ń rìn lórí ilẹ̀ lọ sápá kejì, díẹ̀díẹ̀, títí fèrè fi dún.

Akíntìmẹ́hìn la ojú. Ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, bí ẹni tí kò mọ ọ̀nà tó gbà dé.

“Ṣé mo sùn?”

“Ẹ sùn, Bàbá.”

“Ó pẹ́?”

“Ó tó wákàtí kan.”

Ó nu ẹnu rẹ̀ nù, ó ń ronú.

“Ṣé ẹ rí ìyá mi?” ni Oríyọmí béèrè.

“Rárá.” Ó mi orí, ìyanu sì wà lójú rẹ̀. “Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ó kàn ṣókùnkùn ni, ó sì tutù.” Ó na ọwọ́ sí i kó fa òun dìde. “Ebi ń pa mí, ọmọ yìí. Kí la ní nílé?”